Wàláà Lójú Aṣọ: Ìtumọ̀ Àwòrán Ohun-Èlò Ọmọ Kéwú Nínú Iṣẹ́-Ọnà Àwọn Obìnrin Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ lórí ọnà ilẹ̀ Yorùbá, àtòjọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún àwọn àmì ara aṣọ. Wọn a ya ìjàpá, wọn a kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn a ya àkeekèé, wọn a kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti òun náà. Bí ó bá wá kan àwòrán pátákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní ọwọ́ bíńtín lórí, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀: wàláà ni, àmì ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni, tàbí àmì ìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì a há èyí sórí, a kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, nígbà tí ó bá sì di olùkọ́, a gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á.

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé irọ́ ni gbólóhùn náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ó kéré jù. Kí wàláà tó di àmì ohunkóhun, ohun ọwọ́ ọmọdé ni. Ọmọ tí kò tí ì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì dáadáa ni ó ń gbé e há abíyá lọ sí ilé-kéwú, tí ó ń jókòó tì í lórí ẹní, tí ó sì ń fi omi fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ àwòrán rẹ̀ lára aṣọ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ ọmọ ń ṣe sí pátákó náà, kí ó sì mọ ohun tí ọwọ́ aládìrẹ ń ṣe sí aṣọ. Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì ti pàdé ni ìtumọ̀ ti pọ̀ jù.

Ilé-Ifẹ̀ wà láàrin ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni orúkọ wọn ń ró jù nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àdìrẹ. Ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ọnà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán àwọn obìnrin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹni tí ó ronú kí ó tó yà á, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dán an wò pé kí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́. Ìtàn méjèèjì yóò jẹyọ níwájú.

Wàláà lọ́wọ́ ọmọ kéwú

Igi pẹlẹbẹ ni wàláà. Agbẹ́gi a là á, a fá a títí ojú rẹ̀ yóò fi dán, a sì gbẹ́ ọwọ́ sí i lórí kí ọmọ lè rí ibi dì mú, kí ó sì lè rí i gbé kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ti ọmọdé a máa kéré, ti ẹni tí ó ti dàgbà nínú ẹ̀kọ́ a máa gùn. Ojú rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń kọ nǹkan sí. Gègé tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọn a máa kì í bọ inú tàdáwà, ìyẹn yíǹkì tí àwọn àlùfáà fúnra wọn máa ń sè láti ara èédú, èèpo igi àti ewé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlùfáà tàbí ọmọ kéwú tí ó ti jìnnà ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí wàláà ọmọ. Ọmọ a máa fi ìka tọ ojú ìlà, a máa ké e tẹ̀lé ohùn olùkọ́. Lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó kọ́kọ́ ń kọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn súrà kéékèèké tí ó wà ní ìparí Kùránì, nítorí pé láti ẹ̀yìn ni ọmọ kéwú ti ń bọ̀ wá síwájú. Pàṣán kò jìnnà sí ọwọ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ti ilé-kéwú kọjá ni kì í sì í sọ ìtàn wàláà láìsọ ti pàṣán mọ́ ọn. Nígbà tí ọmọ bá ti mọ ohun tí ó wà lójú wàláà dájú, tí ó sì ké e fún olùkọ́ láìkọsẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́ dànù. Wọn a kọ òmíràn sí i. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Kùránì yóò ṣe máa gba ojú pátákó kan ṣoṣo kọjá, láti oṣù dé oṣù àti láti ọdún dé ọdún, tí lẹ́tà kan kò sì ní kù lójú rẹ̀. Inú ọmọ ni ohun tí ó kù wà.

Omi tí wọ́n fi fọ wàláà kì í ṣe omi lásán lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlùfáà lè kọ ẹsẹ̀ Kùránì sí wàláà nítorí àìsàn tàbí nítorí ọ̀ràn mìíràn, kí ó fọ̀ ọ́ sínú igbá, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì mu ún. Hàǹtú ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan lòdì sí àṣà yìí gidigidi, àwọn mìíràn sì fara mọ́ ọn. Àríyànjiyàn wọn kọ́ ni kókó ibí yìí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé fífọ̀ kò túmọ̀ sí píparun nínú ìlò yìí. Ọ̀rọ̀ kúrò lójú igi, ó bọ́ sínú omi, ó ti inú omi wọ ara ènìyàn.

Àwọn ọmọbìnrin náà ń kéwú. Ní ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí, pàápàá ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, ìyàwó tuntun a máa ṣe wòlímọ̀ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, a sì máa ka ẹsẹ̀ Kùránì lójú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti rò pé ohun tí àwọn obìnrin ń wò lókèèrè lásán ni wàláà jẹ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gbé e rí, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti fọ̀ ọ́ rí, yálà tiwọn ni o tàbí ti àbúrò wọn.

Ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ

Lárúbáwá ń pe pátákó yìí ní al-lawḥ. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni Haúsá ti rí allo tiwọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Haúsá nìkan ni Yorùbá ti gba ẹ̀kọ́ Kùránì, ohun tí ó jọ allo ni ọmọ kéwú ní Ìbàdàn tàbí ní Ẹdẹ ì bá máa pè é. Ṣùgbọ́n wàláà ni gbogbo Yorùbá ń pè é, ìró ọ̀rọ̀ náà sì sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní apá òkè odò Ọya lọ́hùn-ún, láàrin àwọn Songhay àti àwọn tí ń sọ èdè Máńdè. Stefan Reichmuth, onímọ̀ ará Jámánì, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1988 lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tí ó wọ inú èdè Yorùbá àti ìtàn tí ó wà nídìí wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ti ilé-kéwú kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Orúkọ náà Ìmàle, tí Yorùbá fi ń pe ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó tọ́ka sí Mali.

Èyí ṣe pàtàkì fún ìtàn. Ó fi hàn pé wàláà ti wà lẹ́nu Yorùbá, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, kí ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Alímì tó ṣẹlẹ̀, àti kí ìjọba Fúlàní tó fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ìtànkálẹ̀ ẹ̀sìn náà lẹ́yìn ogun, èyí tí T.G.O. Gbàdàmọ́sí kọ ìwé lé lórí ní 1978, láti 1841 títí dé 1908, ni ó sọ ilé-kéwú di ohun tí kò ṣàjèjì ní ìlú ńláńlá. Ṣùgbọ́n ohun-èlò náà ti dàgbà ju ìtànkálẹ̀ yìí lọ. Àmì tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè kò ṣeé pè ní àlejò nígbà tí ó bá hàn lójú aṣọ.

Láti ojú igi sí ojú aṣọ

Lára aṣọ òkè ni wàláà ti gbajúmọ̀ jù. Ahunṣọ a fi òwú aláwọ̀ mìíràn ya á sójú aṣọ bí ó ṣe ń hun ún lọ, ó sì wà lára àwọn àmì tí ó wọ́pọ̀ jù nínú aṣọ híhun Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn ṣọ́ra níhìn-ín. Òfì kò fẹ́ràn ohun tí ó rí roboto. Òwú ìró àti òwú ìnà ń dábùú ara wọn, ohunkóhun tí ahunṣọ bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ gba ojú igun mẹ́rin kọjá. Ẹyẹ a máa di ohun onígun, ọ̀pọ̀lọ́ a máa di ohun onígun, ṣùgbọ́n wàláà kò pàdánù ohunkóhun, nítorí pé onígun ni tẹ́lẹ̀. Apá kan nínú ìdí tí ó fi pọ̀ lára aṣọ òkè ni pé ó rọrùn láti hun. Ẹni tí ó bá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti gbójú fo òfì tí wọ́n fi hun ún.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí pé níbẹ̀ ọwọ́ obìnrin ni ó ń ya àwòrán, ó sì lè ya ohun tí ó bá wù ú, roboto tàbí onígun. Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ àdìrẹ, wọn a sì fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè di aṣọ mú. Aládìrẹ a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, a pín ojú rẹ̀ sí ilé kéékèèké onígun mẹ́rin, a wá máa fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìgbálẹ̀ ya nǹkan sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ, aṣọ a lọ sọ́dọ̀ aláró. Aláró a rì í bọ inú ìkòkò aró, a fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a tún rì í, títí yóò fi dúdú tó bí ó ti fẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Nígbẹ̀yìn ni wọn yóò ha ẹ̀kọ kúrò, tí wọn yóò fọ aṣọ, tí àwòrán yóò sì wá hàn.

Nígbà tí aṣọ bá fi máa dé ọjà, ohun tí aládìrẹ fi ya àwòrán kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹni tí ó ra aṣọ ń rí ni ipò tí ẹ̀kọ ti kúrò. Wọ́n fọ tàdáwà kúrò lójú wàláà, ẹ̀kọ́ sì kù nínú ọmọ. Wọ́n fọ ẹ̀kọ kúrò lójú aṣọ, ọnà sì kù nínú aró. Nítorí náà, nígbà tí aládìrẹ bá ya wàláà, ohun tí wọ́n máa ń fọ̀ ni ó yà, ohun tí yóò di fífọ̀ ni ó sì fi yà á. Kò sí àmì mìíràn nínú àdìrẹ tí ó bá iṣẹ́ aládìrẹ fúnra rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Àkeekèé kò rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣerégèé ni èyí, pé obìnrin tí ó fẹ́ parí aṣọ kó tó di ọjọ́ ọjà kò ráyè irú èrò bẹ́ẹ̀. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òwò ni àdìrẹ, òwò líle sì ni. Ìwé Judith Byfield lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta, tí ó jáde ní 2002, fi hàn bí gbèsè, ọ̀wọ́n aṣọ òkèèrè àti ìjà lórí aró òyìnbó àti ọ̀dà kọ́síìkì ṣe mì wọ́n ní àwọn ọdún 1930, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Ẹni tí ó wà nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ ń wá àmì tí ó yá láti yà, wàláà sì yá láti yà.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ kan náà kò nílò àyè pàtàkì kí ó tó mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ọwọ́ a máa mọ̀ kí ẹnu tó sọ. Aládìrẹ tí ó kéwú ní kékeré mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣí kúrò lójú igi nígbà tí omi bá kàn án, ó sì mọ bí ẹ̀kọ ṣe ń ṣí kúrò lójú aṣọ. Ọwọ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì.

Ó tún yẹ kí wọ́n wo àwọn tí wàláà ń bá jókòó lójú aṣọ. Àdìrẹ kún fún ohun tí ojú ń rí ní ìlú. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, nínú. Ṣíbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ayẹyẹ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, àwọn aládìrẹ gbé àwòrán òun àti ayaba sójú aṣọ, wọ́n sì kọ lẹ́tà yí i ká. Nínú ìwé lórí àdìrẹ tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1971, George Jackson tọpa bí àwòrán ọba yìí ṣe ń yí padà láti ọwọ́ ayàwòrán kan sí òmíràn, tí lẹ́tà ń sọnù, tí ojú ọba sì ń di ọnà lásán. Àwọn tí ó ń dà á kọ kò mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè ka lẹ́tà náà. Wàláà kò ní irú ìṣòro yìí. Bí ó ti wù kí wọ́n ya á ṣókí tó, ẹni tí ó rí i mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ti rí i nílé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé rí àti ohun tí wọ́n kàn fi hàn án lójú ìwé nìyẹn.

Ògiri Òrìṣà Ìkirè

Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí ilé-kéwú àti ilé aláró, ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó kọ́ àwọn obìnrin Yorùbá pé àwòrán lè di fífọ̀ kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì kù. Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin akunlé ni ó máa ń kun ògiri. Ohun tí ilẹ̀ àti ewé pèsè ni wọ́n fi ń kùn ún, àwọ̀ tí ó sì jọba níbẹ̀ ni funfun, pupa àti dúdú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó ọ̀pọ̀ àwọ̀ mìíràn sábẹ́. Nígbà tí ọdún òrìṣà bá súnmọ́, wọn a kun ògiri náà lákọ̀tun. Àwòrán ti ọdún tí ó kọjá, tí òjò àti oòrùn ti bà jẹ́, a wọlẹ̀ sábẹ́ tuntun, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Moyọ̀ Òkédìjí, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ṣe ìwádìí láàrin àwọn obìnrin wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1980, ó sì kọ̀wé lórí wọn gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán tí wọ́n ní ìlànà tiwọn. Bọ́lájí Campbell tẹ̀ síwájú nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí àwòrán ògiri ojúbọ Yorùbá sì jáde ní 2008.

Ohun tí ògiri yìí kọ́ni ni pé, lójú àwọn akunlé, iṣẹ́ àwòrán kò parí sí pé kí ó wà títí. Kí wọ́n tún un ṣe ni ó mú un wà láàyè. Èrò yìí ti wà nílẹ̀ nínú ìsìn àbáláyé, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí wàláà dé pẹ̀lú kíkọ àti fífọ̀ rẹ̀, àjèjì ohun-èlò ni, ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ó bá àwọn obìnrin tí ó ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ tiwọn. Ìdáhùn nìyí sí ìbéèrè tí àwọn àtòjọ kì í béèrè: kí ló dé tí àmì ilé-kéwú fi rí ààyè jókòó wọ́ọ́rọ́ lára aṣọ tí Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹlẹ́sìn àbáláyé jọ ń ró?

Ní 1989, Òkédìjí, Kúnlé Fílání, Tọ́lá Wewe, Campbell àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n kó àmì ara àdìrẹ, ara ògiri àti ara igi gbígbẹ́ wọ inú iṣẹ́ tiwọn, Òkédìjí tilẹ̀ fi erùpẹ̀ ilẹ̀ ṣe ọ̀dà. Iṣẹ́ wọn gbé iyì àwọn obìnrin wọ̀nyí dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan yí padà níbẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ ọnà kíyè sí: àmì tí ó ń gba omi kọjá ti di ohun tí wọ́n fi férémù sí, tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi omi kàn mọ́.

Síléètì, wàláà àti kíláàsì

Wàláà ní ìbátan kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àgbà mọ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó gbé síléètì lọ sí ilé-ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń nù ún, wọ́n tún ń kọ ọ́. Ọmọ tí ó ń lọ kéwú ní ìrọ̀lẹ́ tí ó sì ń lọ ilé-ìwé ní àárọ̀ ní pátákó méjì tí iṣẹ́ wọn jọra. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò kéré: síléètì ni wọ́n ń fi itọ́ àti ìgbúnwọ́ nù, kò sì sí ẹni tí ó bìkítà nípa ohun tí ó nù kúrò.

Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà, ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ àwùjọ òun àṣà, títí dé ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ẹ̀kọ́ ni ó mọ ètò yìí nítorí ọ̀rọ̀ èdè. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́: ọmọ tí wọ́n bá fi ohun tí ó mọ̀ nílé kọ́ kì í há ìtumọ̀ sórí, ó ti ní in lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Nínú ìmọ̀ ọnà àti àṣà, òdìkejì èyí ni ó wọ́pọ̀. Olùkọ́ tí ó kọ "wàláà, àmì Ìsìláàmù" sí ojú pátákó ti fi ìdajì kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ Kírísítẹ́nì a gbà pé kì í ṣe tòun. Ọmọ Mùsùlùmí a gbà pé ẹ̀sìn òun ni wọ́n ń sọ, kò ní ronú kan ìyá àgbà òun tí ó ń ro ẹ̀kọ àdìrẹ. Ní ìlú bí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ẹ̀sìn mẹ́ta lè wà nínú agbo-ilé kan ṣoṣo, irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò bá bí ìdílé ṣe rí mu. Aṣọ tí gbogbo wọn jọ ń ró ni ìwé ẹ̀kọ́ pín mọ́ wọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe lè tún un ṣe ju àlàyé lọ. Kí olùkọ́ wá pátákó pẹlẹbẹ àti èédú lílọ̀ tí wọ́n fi omi pò. Kí ọmọ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní nǹkan sí i, kí ó kà á sókè, kí ó fọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n ro láfún, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya pátákó náà sí àkísà funfun, kí wọ́n rì í bọ aró, kí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò nígbà tí ó bá gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ tó béèrè ìtumọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn àwọn ọmọ má bá ti ìwé mu, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ yára fi ti ìwé bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-kéwú, ìwé títẹ̀ àti pátákó ara ògiri ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wàláà, ọjọ́ wòlímọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde ní àwọn ibòmíràn, pẹ̀lú bébà dídán lára. Ní ọjà, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí ní ilẹ̀ Ṣáínà ń bá ti ọwọ́ figagbága, owó rẹ̀ sì rọlẹ̀. Àmì lè wà lójú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni ha kúrò níbẹ̀.

Àwọn wàláà àtijọ́ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nílẹ̀ yìí àti lókè òkun. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lójú púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú tàdáwà tí ó ti gbẹ mọ́ igi: ẹ̀kọ́ ìkẹyìn tí wọ́n kọ sí wọn, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì fọ̀.